Lẹ́tà sí ọmọ mi lórí ìràwọ̀ onírù Halley

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ pé o ń tọ́jú owó láti fi ra awò awọ̀nàjíjìn nítorí ìràwọ̀ onírù Halley. Jẹ́ kí owó náà wà lápò rẹ. Oṣù Kejìlá 2023 ló dé ibi tó jìnnà sí oòrùn jù lọ. Ó ti ń padà bọ̀, àmọ́ ó di oṣù Keje 2061 kó tó tún sún mọ́ oòrùn. Kò sí awò tí o lè rà l'Ádó-Èkìtì tó máa fi hàn ọ́ báyìí. Eruku rẹ̀ ni kí o máa wò. Ìyẹn ń dé ọ̀dọ̀ wa lọ́dọọdún.

Yìnyín àti eruku ni ara ìràwọ̀ náà, ó gùn tó kìlómítà 15. Nígbà tó bá sún mọ́ oòrùn, ooru á sọ yìnyín di gáàsì láìdi omi rárá, gáàsì á sì gbé eruku jáde. Ìrù rẹ̀ nìyẹn. Oòrùn ló ń tì í, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ìràwọ̀ náà bá ń kúrò lọ́dọ̀ oòrùn, ìrù ló máa ń ṣíwájú. Eruku tó ti dà sílẹ̀ láti ayébáyé ṣì wà lójú ọ̀nà rẹ̀, ayé wa sì ń gba inú rẹ̀ kọjá lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún.

Ti ọjọ́ 5 sí 6 oṣù Karùn-ún ló dáa jù fún wa l'Ékìtì. Jáde láago mẹ́ta òru, kí o wà níta títí di márùn-ún. Pápá tó ṣí sílẹ̀, tí kò sí iná jẹnẹrétọ̀ nítòsí, ni kí o wá. Má gun Òkè Olósùnta lóru. Wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀ nítorí ejò, má dá lọ. Tẹ́ ẹní, fẹ̀yìn lélẹ̀, kọjú sí ìlà-oòrùn. Pa fóònù: ojú máa ń gba ìdajì wákàtí kó tó mọ òkùnkùn lára, bí o bá sì tan fóònù pẹ́rẹ́, o ti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bínókúlà kò wúlò níbí, ibi kékeré ló ń jẹ́ kéèyàn rí.

Ohun tí wàá rí ni ìlà funfun tín-ín-rín tó já wìì kọjá. Eruku tí kò ju hóró iyanrìn lọ ló ń jóná yẹn, ó ń sáré kìlómítà 66 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Má tètè gbójú kúrò, torí ipa rẹ̀ lè ṣì máa tàn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá ti lọ.

Òjò ni yóò yọ ọ́ lẹ́nu. Bí ìkùukùu bá bojú ọ̀run, padà lọ lóru kejì àti ìkẹta, kò ní tíì tán. Bó bá bọ́ sí òṣùpá àránmọ́jú, díẹ̀ lo máa rí. Ọjọ́ 21 oṣù Kẹwàá ni ayé máa ń gba inú eruku náà kọjá lẹ́ẹ̀kejì. Àwọn ìlà funfun náà kì í pọ̀ tó ti oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n láti ọ̀gànjọ́ lo ti lè máa wò wọ́n.

Èmi ni,
Ìyá rẹ