Lẹ́tà Ẹ̀sùn: Ẹ Ti Dí Ihò Tí Omi Ń Gbà Jáde Lábẹ́ Mọ́tò Mi

Sí ọ̀gá pátápátá ilé iṣẹ́ yín,

Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Mo ti pe nọ́ńbà tó wà lórí rìsíìtì títí ó fi sú mi, àwọn ọmọ ọ́fíìsì yín á kàn sọ pé àwọn máa pè mí padà, wọn ò ní pè, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kúkú kọ ọ́ ránṣẹ́ kó lè dé ọwọ́ ẹ̀yin gan-an tẹ́ ẹ nilé iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ Sienna mi ni, tòkunbọ̀ tí wọ́n kó wá láti Kánádà, òun ni mo fi ń gbé àwọn ọmọ ilé ìwé láàárọ̀ àti lọ́sàn-án ní Ajah níbí. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ ni mo gbé e wá fún yín pé kẹ́ ẹ bá mi ṣe é kó má dógùn-ún, mo san gbogbo owó tẹ́ ẹ ní kí n san láìyọ kọ́bọ̀, ẹ sì fún mi ní káàdì gáráǹtì ọdún 5. Òjò ọ̀hún ò tíì dáwọ́ dúró báyìí, irin abẹ́ ilẹ̀kùn ti jẹrà.

Òórùn ni mo kọ́kọ́ rí. Tí mo bá ṣí ilẹ̀kùn láàárọ̀, òórùn bíi ti aṣọ tútù tí wọ́n ká sínú báàgì lá kọ lù mí. Nígbà tó yá, tí mo bá ti tẹ bíréèkì màá gbọ́ tí omi ń rọ́ wọ̀ọ̀ lápá ọ̀tún, ó ń lọ síwájú ó ń padà sẹ́yìn, mo tú gbogbo abẹ́ àga mi ò rí omi kankan, torí pé inú irin ló wà. Ọ̀dà ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wá bẹ̀rẹ̀ sí í wú, tí mo bá fi ìka tẹ̀ ẹ́ á fọ́, ìyẹ̀fun pupa á bọ́ síta. Ọjọ́ tí fọkanáísà fẹ́ pààrọ̀ táyà ni àṣírí tú pátápátá, ó gbé jáàkì síbi tí wọ́n máa ń gbé e sí gan-an, kàkà kí mọ́tò gbéra ńṣe ni jáàkì wọnú irin lọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé kò sí ọmọ kankan nínú ẹ̀ nígbà yẹn.

Mo gbé e lọ bá wẹ́dà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́. Ó fi ṣísẹ́ẹ̀lì ha nǹkan dúdú tẹ́ ẹ fọ́n sábẹ́ mọ́tò, ó ń bọ́ lábala lábala, ẹ̀yìn ẹ̀ sì tutù rinrin. Ẹrẹ̀ wà lábẹ́ ẹ̀ o, sà, ẹrẹ̀! Ìyẹn ni pé àwọn ọmọ yín ò fọ abẹ́ mọ́tò yẹn dáadáa, wọn ò jẹ́ kó gbẹ, wọ́n kàn fọ́n nǹkan dúdú lé ẹrẹ̀ àti omi àti ìdógùn-ún tó ti wà níbẹ̀ lórí. Nígbà tó wá lu ìsàlẹ̀ irin náà, omi pupa tú jáde, ó ń ṣàn títí ilẹ̀ ibẹ̀ fi rin. Fọ́tò àti fídíò ẹ̀ wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ohun tó dùn mí jù rèé. Gbogbo mọ́tò ni omi máa ń wọ̀ nínú. Tí òjò bá rọ̀, omi tó ń ṣàn lára gíláàsì á gba ẹ̀gbẹ́ rọ́bà wọnú ilẹ̀kùn, àwọn tó ṣe mọ́tò mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe fi àwọn ihò kéékèèké sí ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti sínú irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn, kí omi lè máa kán jáde kí afẹ́fẹ́ sì máa wọlé gbẹ ẹ́. Àwọn ihò yẹn làwọn ọmọ yín dí. Wẹ́dà fi wáyà wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn kan ẹ fi gọ́ọ̀mù dí i, àwọn yòókù nǹkan dúdú yẹn ti bò wọ́n mọ́lẹ̀. Irin ò lè dógùn-ún láìsí omi àti afẹ́fẹ́, èmi tí mo sanwó kí omi má bàa pẹ́ lára irin mi, ẹ̀yin lẹ wá bá mi ti omi mọ́nú irin, ó wá jókòó síbẹ̀ tọ̀sántòru láti ìgbà tí òjò ti bẹ̀rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ẹ̀ ńṣe ló ń dán, ó dúdú minimini, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ pé irin tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ti ń tán lọ.

Mánìjà yín tó dá mi lóhùn ní iyọ̀ ló fà á, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Kánádà nígbà yìnyín, ó tún fi afẹ́fẹ́ òkun kún un. Mi ò bá a jiyàn pé iyọ̀ wà níbẹ̀. Torí iyọ̀ yẹn gan-an ni mo ṣe gbé mọ́tò wá fún yín! Iyọ̀ máa ń fa omi mọ́ra láti inú afẹ́fẹ́, ó sì máa ń jẹ́ kí irin tètè dógùn-ún ju bí omi lásán ṣe máa ṣe é lọ, ìyẹn ló fi yẹ kẹ́ ẹ fi omi fọ inú àwọn irin yẹn títí iyọ̀ á fi ṣàn jáde, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dénú kẹ́ ẹ tó fi nǹkan kan kàn án. Ní òtútù Kánádà ìdógùn-ún ń rìn díẹ̀díẹ̀, ní ooru Èkó níbí tí afẹ́fẹ́ ti lómi nínú eré ló ń sá. Ẹ kó iyọ̀ pẹ̀lú omi pọ̀ sínú irin, ẹ dé e lójú, ẹ wá ní iyọ̀ ló fà á.

Mo ti bi àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí. Ohun tí wọ́n ń fọ́n sínú irin tó ní ihò nínú ni òróró oníwáàsì, páìpù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fọ́n ọn, ó máa ń rìn wọ ojú ibi tí irin méjì ti pàdé, kì í gan bí igi, tí wọ́n bá fọ́n ọn tán wọ́n á tún padà wá wo ihò kọ̀ọ̀kan pé ó ṣí sílẹ̀. Bítúmẹ́ẹ̀nì, ìyẹn nǹkan dúdú tẹ́ ẹ fọ́n yẹn, tó bá ti gbẹ tán ó máa ń le, òkúta ojú títì á bá a, á là, omi á gba ibẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde mọ́. Ẹ ò fọ́n ẹ̀kán wáàsì kan sínú irin mọ́tò mi, bẹ́ẹ̀ ó wà nínú rìsíìtì pé ẹ ṣe é.

Ẹ ò tún fi mọ síbẹ̀. Lókè táyà ẹ̀yìn ẹ fi bọ́dìfílà, nǹkan bí amọ̀ tí wọ́n fi ń dí ara mọ́tò, lé orí irin tó ti dógùn-ún, kò sí púráímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́, kankan lábẹ́ ẹ̀, bọ́dìfílà sì ń mu omi, ọ̀dà tẹ́ ẹ kùn sórí ẹ̀ ti ń ṣí. Ibi tẹ́ ẹ jó mọ́ ọn ńkọ́, iná wẹ́dìn ti jó ọ̀dà ẹ̀yìn irin yẹn dànù, ó yẹ kẹ́ ẹ padà fọ́n nǹkan sí i látinú, ihòòhò lẹ fi sílẹ̀.

Ọ̀gá, èyí kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀dà tó ṣí. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn yẹn wà lára ohun tó gbé mọ́tò dúró, òun ló máa gba ọmọ sílẹ̀ tí ẹnì kan bá fi mọ́tò kọ lù wá lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì sún mọ́ ibi tí bẹ́líìtì ìjókòó so mọ́ irin. Ní Ìlú Ọba, níbi tí wọ́n ti ń yẹ mọ́tò wò fún MOT, tí irin bá ti jẹrà gan-an láàárín 30 sẹ̀ǹtímítà síbi tí bẹ́líìtì so mọ́, mọ́tò yẹn ti féèlì nìyẹn. Ọmọ ọlọ́mọ ni mò ń gbé. Mo ti gbé mọ́tò kalẹ̀ látìgbà yẹn, mo ń háyà mọ́tò ẹlòmíì láti fi kó wọn, owó tí mò ń rí níbẹ̀ ò tó nǹkan kan mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Kẹ́ ẹ gé gbogbo irin tó ti jẹrà dànù, kẹ́ ẹ fi irin tuntun sí i, irin o, kì í ṣe bọ́dìfílà, kẹ́ ẹ ha nǹkan dúdú yẹn kúrò pátá, kẹ́ ẹ ṣí gbogbo ihò, kẹ́ ẹ wá fọ́n wáàsì sí i lójú èmi àti wẹ́dà mi. Tẹ́ ò bá lè ṣe é, ẹ dá owó mi padà kí n lọ fún ẹni tó lè ṣe é, pẹ̀lú owó tí mo fi ń háyà mọ́tò. Òfin Federal Competition and Consumer Protection Act ti 2018 sọ ọ́ pé tí iṣẹ́ tí oníbàárà sanwó fún ò bá dáa, kí ẹni tó ṣe é tún un ṣe tàbí kó dá nínú owó padà. Tí mi ò bá gbúròó yín kí oṣù yìí tó parí, màá kó rìsíìtì, káàdì gáráǹtì àti fọ́tò lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà.

Ohun kan tún kù tí mò ń bẹ̀ yín sí. Ọjọ́ tí mo wá gbé mọ́tò, mo rí àwọn mọ́tò míì lórí ìlà tí wọ́n ń fọ́n nǹkan dúdú yẹn sí. Ẹ ní nọ́ńbà àwọn tó ni wọ́n. Ẹ pè wọ́n kí wọ́n gbé e padà wá kẹ́ ẹ ṣí ihò abẹ́ ẹ̀ kí òjò tó tún pọ̀ sí i, ẹ má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn.

Mọ́tò wà lọ́dọ̀ wẹ́dà, ẹ lè rán ẹni tó mọ iṣẹ́ wá wò ó lọ́jọ́ tó bá wù yín, yàtọ̀ sí Sunday.

Èmi ni oníbàárà yín,
Ìyá tó ń gbé ọmọ ilé ìwé, Ajah