Ká Rí Àwòrán Bíríìjì Carter Kí Wọ́n Tó Fọwọ́ Kàn Án

Ẹ̀yin olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọ̀rọ̀ bíríìjì Carter ń jẹ mí lọ́kàn. Ní 1901 làwọn òyìnbó fi irin ṣe é láti Ìddó wọ Erékùṣù Èkó (Lagos Island), wọ́n fi orúkọ Gómìnà Gilbert Carter pè é, títí tá a fi gbòmìnira kò sí bíríìjì míì tó ti Mainland wọ Èkó àfi òun nìkan. Nígbà tí 1970s ń parí lọ ni wọ́n tú u, wọ́n wá fi kọnkéré kọ eléyìí tá à ń gbà. Tí ìjọba bá tún fẹ́ fọwọ́ kàn án láti tún un ṣe, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n lẹ àwòrán iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ ṣe síta ní Ìdúmọ̀tà ká rí i, torí àwa tí dáńfó ń gbọ̀n jìgìjìgì lórí gbogbo ojú ìsopọ̀ ẹ̀ náà lẹ́nu níbẹ̀.