Lẹ́tà sí Ọ̀gá Twilight, ẹni tó fowó ra ọdún kan

Ọ̀gá mi Alexander Twilight,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí olùkọ́ ṣe ń kí àgbà olùkọ́. Láti oṣù kẹfà ọdún 1857 lẹ ti sùn sí ibi ìsìnkú ṣọ́ọ̀ṣì Brownington, lápá òkè ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, nítòsí Kánádà. Èmi wà ní agbègbè Ìsẹ́yìn, ní Òkè-Ògùn, níbi tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní ẹ̀kọ́ ìtàn.

Ibi tí wọ́n bá ti dárúkọ yín, ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n máa ń sọ: pé ẹ̀yin ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ní Middlebury ní 1823, àti pé ẹ̀yin náà ni àkọ́kọ́ tí wọ́n dìbò yàn sí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ níbẹ̀, ní 1836. Òótọ́ ni méjèèjì. Ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yín dùn mí dọ́kàn ti ṣẹlẹ̀ kí ẹ tó rí oyè kankan.

Ní Corinth, ní Vermont náà, ni wọ́n bí yín, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án ọdún 1795. Ichabod bàbá yín ti jagun òmìnira Amẹ́ríkà. Láti 1777 ni Vermont ti kọ ọ́ sínú òfin rẹ̀ pé àgbàlagbà kankan ò gbọdọ̀ ṣẹrú fún ẹnikẹ́ni. Àgbàlagbà ni wọ́n sọ o. Òfin náà ò dáàbò bo ọmọdé. Ẹ ò tíì dàgbà jù ọmọ ọdún mẹ́jọ tí ẹ fi dé oko àgbẹ̀ kan ládùúgbò, pé kí ẹ máa sìn ín títí ẹ ó fi pé mọ́kànlélógún. Ó jọ ìwọ̀fà ilẹ̀ wa. Iṣẹ́ oko lẹ ń ṣe, tí ọwọ́ bá dilẹ̀ díẹ̀, ẹ ó fa ìwé yọ. Nígbà tí ẹ pé ọmọ ogún ọdún, owó táṣẹ́rẹ́ tí ẹ ń kó jọ ti tó, ẹ sì fi ra ọdún tó kù padà lọ́wọ́ ọ̀gá yín.

Ọdún kan péré! Ẹlòmíràn á ní kí òun kúkú mú un mọ́ra, ó ṣe tán ó ti fẹ́ parí.

Mo mọ iye tí ọdún kan ń jẹ́, Ọ̀gá mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí tí wọ́n mú mi lọ sọ́dọ̀ ẹbí kan ní Ìbàdàn. Mò ń pọnmi, mò ń fọ abọ́, mò ń kiri ẹ̀kọ kí n tó lọ sílé ìwé, aago á sì ti lù kí n tó dé. Nígbà tí ìyá ilé bímọ, wọ́n ní kí n jókòó ti ọmọ náà. Ọdún kan gbáko ni mo fi pọ̀n ọ́n, tí mò ń wo àwọn ẹgbẹ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọjá pẹ̀lú báàgì ìwé lẹ́yìn. N kò lówó tí mo lè fi ra ọdún yẹn. Ìdí nìyí tí omi fi bọ́ lójú mi nígbà tí mo ka tiyín.

Láti oko yẹn, ilé ìwé Randolph lẹ gbà lọ, ó gbà yín lọ́dún mẹ́fà, lẹ́yìn náà ẹ wọ Middlebury ní 1821. Ọdún yẹn gan-an ni ogun kó ọmọdékùnrin kan tó ń jẹ́ Àjàyí ní Òṣoògùn, ní apá ọ̀dọ̀ tiwa níbí. Òun ló padà di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther. Ó wà nínú àwọn ọmọ ilé ìwé tó kọ́kọ́ jókòó ní Fourah Bay ní Sierra Leone, ilé ìwé tí Edward Jones, aláwọ̀ dúdú tó gboyè ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní Amẹ́ríkà ní 1826, wá di ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó yá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń pe àwọn tó gboyè ní 1826 ní àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ ẹ ti fi ọdún mẹ́ta ṣíwájú wọn.

Ní 1829 lẹ dé Brownington láti wá ṣe ọ̀gá ilé ìwé girama Orleans County. Àwọn ọmọ ń ti ọ̀nà jíjìn wá, wọn ò rí ibi sùn. Ẹ ní kí àwọn ìgbìmọ̀ ilé ìwé kọ́lé fún wọn, wọn ò yọ̀ǹda owó. Ẹ sì kọ́ ọ fúnra yín, òkúta líle, alájà mẹ́rin, láti 1834 sí 1836, ẹ sọ ọ́ ní Athenian Hall. Wọ́n máa ń sọ níbẹ̀ pé màlúù kan ṣoṣo ló ń fa òkúta yẹn gòkè, pé bí ògiri ṣe ń ga ni wọ́n ń gbé òun náà ga, títí ilé fi parí tí kò sì lè sọ̀ mọ́. Òkè níbẹ̀ ni wọ́n pa á sí, tí wọ́n fi jẹun. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá àlọ́ ni, àwọn ọmọ kíláàsì mi kì í jẹ́ kí n fò ó.

Ọdún tí ilé yẹn parí náà ni ìlú rán yín lọ sí ilé aṣòfin ní Montpelier, olú ìlú Vermont. Ìlú kọ̀ọ̀kan ló ń yan aṣojú kan nígbà yẹn, fún ọdún kan. Ọ̀rọ̀ owó ilé ìwé lẹ bá lọ: ìlú Craftsbury, tó wà ní Orleans County náà, fẹ́ kí wọ́n pín owó tó ń wọlé fún ilé ìwé yín, kí tiwọn náà lè dúró. Ẹ ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n pín in lójú yín. Níbí ni n kò ti bá yín gbà tán, ẹ má bínú. Ọmọ làwọn ọmọ Craftsbury náà. Àmọ́ mo ti rí ilé ìwé tí wọ́n fa owó rẹ̀ ya sí méjì, tí òrùlé méjèèjì wá ń jò.

Àwọn kan ṣì ń jiyàn bóyá àwọn tó dìbò fún yín kà yín sí aláwọ̀ dúdú, nítorí pé àwọ̀ yín fẹ́ẹ́rẹ́ nínú àwòrán. Èmi ò ní bi yín. Ní 1847 ẹ bá ìgbìmọ̀ náà jà, ẹ kọjá sí Quebec lọ máa kọ́ni. Àwọn ọmọ dín kù ní Brownington lẹ́yìn yín, ẹ sì padà wá ní 1852, títí àrùn rọpárọsẹ̀ fi dá yín dúró ní 1855.

Àwọn ọmọbìnrin mẹ́rin ló ń sùn ní yàrá ìkẹ́rùsí ilé ìwé wa báyìí, torí pé abúlé oko tí wọ́n ti wá jìnnà, ọ̀nà ò sì dára lálẹ́. Ẹgbẹ́ òbí ní kò sówó ilé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, èmi àti olùkọ́ méjì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ búlọ́ọ̀kù lẹ́yìn kíláàsì. Ó ti pé igba. Òjò ti dé, a fi tapólì bò wọ́n.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan ní Òkè-Ògùn