Iṣẹ́ Ń Bẹ fún Àwa Òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì Nídìí Ìkòkò Sàárà

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba sọ̀rọ̀, pàápàá àwa olùkọ́, nítorí mo ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ń rù láìjẹ́ pé àìsàn ń ṣe wọ́n, àfi pé kò sí ẹni tí ń retí wọn níbikíbi mọ́. Òfin iṣẹ́ ọba ní kí òṣìṣẹ́ lọ sinmi bí ó bá pé ẹni 60 ọdún tàbí tí ó lo ọdún 35 lẹ́nu iṣẹ́; òfin ọdún 2022 sì sún ti olùkọ́ síwájú di 65 tàbí 40. Èyí ó wù kó jẹ́, òwúrọ̀ Ajé kan ń bọ̀ tí agogo ilé-ìwé kò ní lù fún ni mọ́.

Ní tèmi, ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ kan tí ń se oúnjẹ fún àwọn aláìní ní àdúgbò wa n'Ìbàdàn ni mo gbà lọ. Ọjà Bódìjà ni a ti ń ra ẹ̀wà. Àwa àgbà ni a máa ń jókòó ti atẹ láti ṣa òkúta inú rẹ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà gan-an ni wọ́n ti nílò wa jù. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ lágbára, wọ́n sì láàánú, àmọ́ ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń to èrò kò yé wọn tó bí ó ṣe yé ẹni tí ó ti ń to àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sórí ìlà láràárọ̀. A ń kọ orúkọ sínú rẹ́jísítà, a ń fún kálukú ní táálì kí oúnjẹ tó jiná, a sì ń fi àga gbọọrọ sọ́tọ̀ fún aláboyún, arúgbó àti abirùn, tí ó fi jẹ́ pé kò sí ẹni tí yóò sáré sí ìkòkò nígbà tí ó mọ̀ pé yóò kan òun.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni èyí. Ní ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2024, àwọn ènìyàn kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní Maitama l'Ábújá, bákan náà ni ó rí ní Okija ní ìpínlẹ̀ Anambra lọ́jọ́ kan náà. Oore ni àwọn tí wọ́n pè wọ́n fẹ́ ṣe. Ebi ni ó lé àwọn tí wọ́n wá jáde nílé, nítorí lẹ́yìn tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, oúnjẹ gbówó lórí débi pé láàárín ọdún 2024, iye tí ó fi wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú ti kọjá ìdá 40 nínú 100.

Bàbá kan wà tí ó máa ń mú abọ́ tánganran onídèérí wá, tí yóò sì dúró sẹ́yìn gbogbo èrò, tí kì í wo ojú ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe, ṣùgbọ́n mo rí i lára bàbá yìí pé ìtìjú lè kù sílẹ̀ nígbà tí ebi bá lọ. (Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ gbogbo ẹgbẹ́ aláàánú pé kí wọ́n yé ya fọ́tò ẹni tí ó ń gba oúnjẹ.) Lọ́jọ́ kan tí ẹni tí ń kọ orúkọ kò wá, bàbá náà ní kí n fún òun ní báírò. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n tẹ́lẹ̀! Ìkọ̀wé wọn gún régé. Láti ìgbà náà, àwọn ni wọ́n ń tọ́jú rẹ́jísítà, wọ́n ń tètè dé jù wá lọ, wọ́n sì ń jẹun pẹ̀lú wa lẹ́yìn iṣẹ́ bí òṣìṣẹ́ ṣe ń jẹun.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi ọ̀rọ̀ mi gba ìjọba tí ó jẹ wá ní gbèsè owó gbà-má-bínú ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀bi. Ẹ̀tọ́ wa ni owó náà. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀ ní ìpàdé wọn, kí àwọn ìjọ àti mọ́ṣáláṣí tí ń pín oúnjẹ sì máa pe àgbà wá ṣiṣẹ́, kì í ṣe láti gba àdúrà tàbí láti dáwó nìkan. L'Ékòó, láti ọdún 2015 ni Lagos Food Bank Initiative, ẹgbẹ́ tí ń pín oúnjẹ fún aláìní, ti ń lo àwọn tí ó yọ̀ǹda ara wọn. Àwa tí a wà n'Ìbàdàn ṣì ń wá ẹni tí yóò dúró ti ìlà, àti ẹni tí ojú rẹ̀ ṣì ríran dáadáa tí yóò bá wa ṣa ẹ̀wà.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn.