Sí Ẹ̀yin Ọmọbìnrin Tó Fẹ́ Dá Ìwé Ìròyìn Sílẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Wọ́n sọ fún mi lẹ́yìn ìsìn pé ẹ ti ń péjọ ní Peckham níbí ní London, pé ẹ fẹ́ dá ìwé ìròyìn sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́bìnrin aláwọ̀ dúdú. Ẹ kú èrò rere o. Inú mi dùn débi pé oorun kò kun ojú mi lóru ọjọ́ náà. Mi ò ní í bá yín jiyàn bóyá ó yẹ. Ọmọbìnrin tó ti ṣí ìwé títí tí kò rí ẹni tó jọ ọ́ nínú rẹ̀ kò nílò kí ìyá àgbà kankan ṣàlàyé ìyẹn fún un. Owó ni mo fẹ́ bá yín sọ, àti ẹni tí ìwé náà yóò jẹ́ tirẹ̀.

Ní ọdún 1986, àwa obìnrin 5 máa ń péjọ ní kíṣìnì mi ní alẹ́ Sátidé láti ṣe ìwé ìròyìn tiwa, nígbà tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Nọ́ọ̀sì ni àwa méjì, ọ̀kan ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì ní kùtùkùtù, ọ̀kan ń ránṣọ, ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ Jàmáíkà ń kọ́ ẹ̀kọ́ òfin. Táípúráítà kan ṣoṣo la fi ń tẹ ọ̀rọ̀ wa, a ó gé e, a ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ bébà, a ó gbé e lọ fún atẹ̀wé. A kọ nípa iṣẹ́ alẹ́, a kọ nípa irun, a kọ nípa àwọn ọmọ tí ẹ̀yà tiwa ń fi sọ́dọ̀ òyìnbó alágbàtọ́ nítorí iṣẹ́ àti ẹ̀kọ́. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló mú kí lẹ́tà wọlé. Ọmọ ọdún 16 kan kọ̀wé sí wa láti ìlú kan létí òkun. Orúkọ Yorùbá ló ń jẹ́, kò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é. Ó ní láti ìgbà tí wọ́n ti gbé òun wá síbẹ̀ ní ọmọ oṣù mẹ́ta, kò sí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya irun òun. Ó bi wá pé irú òróró wo ni kí òun rà, ibo sì ni wọ́n ti ń tà á. A ka lẹ́tà yẹn tán, kò sẹ́ni tó lè sọ̀rọ̀.

Kò kọ àdírẹ́sì sí i, kí alágbàtọ́ rẹ̀ má baà rí ìdáhùn. Ẹ̀dà kẹrin la fẹ́ fi dá a lóhùn, odindi ojú ewé méjì.

Ẹ̀dà kẹrin kò jáde. Ọ̀fẹ́ la ń pín ìwé wa, ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ilé ìdirun, ní ibùdókọ̀, gbogbo ènìyàn sì ń kí wa kú iṣẹ́. Nígbà tí gbèsè di £340, atẹ̀wé ní òun kò tẹ̀ mọ́. Kò jẹ̀bi, ó ní ìdílé tirẹ̀.

Kì í ṣe àwa nìkan. Claudia Jones, ọmọ Trinidad tí Amẹ́ríkà lé jáde nítorí òṣèlú rẹ̀, dé ìlú yìí ní 1955 pẹ̀lú àìsàn ọkàn. Ní 1958 ó bẹ̀rẹ̀ ìwé ìròyìn West Indian Gazette ní Brixton, lókè ilé tí wọ́n ti ń ta àwo orin. Lẹ́yìn rògbòdìyàn Notting Hill lọ́dún kan náà, nígbà tí àwọn òyìnbó kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú ní London níbí, òun àti àwọn ènìyàn rẹ̀ ṣe kàníváàlì inú gbọ̀ngàn ní St Pancras ní January 1959, wọ́n sì yà lára owó ìwé ètò rẹ̀ sọ́tọ̀ láti fi bá àwọn ọ̀dọ́ tí ọ̀rọ̀ náà kàn san owó ìtanràn. Akin obìnrin ni. Ṣùgbọ́n ọrùn rẹ̀ nìkan ni ẹrù náà wà. Ó kú ní December 1964, ní ọmọ ọdún 49, ìwé ìròyìn náà kò sì pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ti àìpẹ́ yìí náà, ẹ mọ gal-dem, ìwé ìròyìn àwọn ọ̀dọ́bìnrin tí kì í ṣe òyìnbó. Liv Little dá a sílẹ̀ ní 2015, nígbà tó ṣì wà ní yunifásítì ní Bristol. Ní 2018, àwọn ni wọ́n ṣe olótùú àlejò fún ìwé òpin ọ̀sẹ̀ ti ìwé ìròyìn Guardian ti ilẹ̀ yìí. Ní March 2023, wọ́n kéde pé àwọn ń pa á dé. Òkìkí wọn kò dín kù, owó ló ṣòro. Essence, ìwé ìròyìn obìnrin aláwọ̀ dúdú ní New York, kò kú ní tirẹ̀ láti 1970, ṣùgbọ́n ọkùnrin 4 ló dá a sílẹ̀ fún obìnrin, nígbà tó sì di 2005, ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn ńlá Time Inc. ti ra gbogbo rẹ̀. Ọdún 2018 ni Richelieu Dennis, ọmọ Làìbéríà, tó rà á padà fún aláwọ̀ dúdú.

Nítorí náà, ẹ gba owó lọ́wọ́ òǹkàwé láti ẹ̀dà àkọ́kọ́. Ẹ má tijú. Tobi Oredein, tí orúkọ rẹ̀ fi hàn pé tiwa ni, dá Black Ballad, ìwé ìròyìn obìnrin aláwọ̀ dúdú, sílẹ̀ ní 2014, ó sì jẹ́ kí àwọn obìnrin tó ń kà á máa san owó ọmọ ẹgbẹ́. Àjọ ni, ẹ̀yin ọmọ mi, èyí tí àwọn ará Jàmáíkà ń pè ní pardner. Ẹni tó bá dá àjọ kì í gbàgbé ọjọ́ tí wọ́n ń kó o. Ẹ gba owó ìpolówó ọjà bó bá wá, ẹ má jẹ́ kó tó ìdajì ohun tí ẹ ń ná. Kí orúkọ ẹni mẹ́ta ó kéré tán wà ní báńkì. Kí ẹ sì kọ ẹni tó ni ìwé náà sílẹ̀ níwájú lọ́yà nígbà tí ìfẹ́ ṣì wà láàárín yín.

Òfin ilẹ̀ yìí tún sọ pé kí ẹni tó bá tẹ ìwé jáde fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí British Library, ilé ìkàwé àpapọ̀ ilẹ̀ yìí, láàárín oṣù kan. Ẹ ṣe é. Ojú ewé kan péré ló ṣẹ́kù nínú iṣẹ́ tiwa, omi sì ti bà á jẹ́.

Owó ọdún kan tèmi wà nínú àpòòwé yìí. Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀, kí ẹ fún mi ní rìsíìtì. Nígbà tí ẹ bá sì ń to ojú ewé ẹ̀dà àkọ́kọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ bí wọ́n ṣe ń ya irun, irú òróró tó dára, àti ibi tí wọ́n ti ń tà á.

Èmi ni ìyá yín,
Peckham