Ẹ má fi iyanrìn òkun mọ ère fún wa

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mi ò sì ní fi bò. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ọgbà ère tí gbogbo wa ti ń retí létí òkun lágbègbè wa, mo fojú ara mi rí àwọn lébìrà tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì kó iyanrìn etí omi gan-an, níbi tí ìgbì ṣẹ̀ṣẹ̀ fà sẹ́yìn kúrò, tí wọ́n ń dà á lé sìmẹ́ǹtì, tí wọ́n ń pò ó láti fi da ìpìlẹ̀ ère àkọ́kọ́. Iyanrìn náà ṣì tutù rinrin, ìkarawun wẹ́wẹ́ wà nínú rẹ̀. Mo bi ọmọ tó ń pò ó pé ṣé wọn ò ní ra sháàpù sáǹdì ni. Ó ní, "Bàbá, ọ̀gá ní kí la fẹ́ máa sanwó típà fún nígbà tí iyanrìn kún ilẹ̀ báyìí?"

Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè, ta ló fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi iyanrìn òkun da kọnkéré tí rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀? Bíríkìlà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúríídọ̀mù mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Owó ìlú ni wọ́n ń ná o, kì í ṣe owó bàbá ẹnikẹ́ni.

Iṣẹ́ wẹ́dà ni mo kọ́ láti kékeré, òun ni mo fi ń bọ́ ọmọ, etí òkun yìí náà ni mo sì ti ń ṣe é. Mo mọ ohun tí afẹ́fẹ́ òkun ń fi irin ṣe. Irin ojú fèrèsé tí mo bá jó fún ará Ìkẹjà, ọmọ onílé á dàgbà bá a níbẹ̀. Bí mo bá jó irú rẹ̀ fún ilé tó kọjú sí òkun níbí, bí mo tiẹ̀ kùn ún lẹ́ẹ̀mejì, kò ní pẹ́ tí ọ̀dà á fi máa lé ròrò, tí omi pupa á máa ṣàn sára ògiri. Irin tó wà níta nìyẹn o, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ nìkan ló ń gbé iyọ̀ wá bá a. Ẹ wá fọwọ́ ara yín po iyọ̀ mọ́ sìmẹ́ǹtì, ẹ rọ ọ́ yí rọ́ọ̀dù ká, kí lẹ rò pé ó máa ṣẹlẹ̀? Irin tó bá ń dógùn-ún máa ń wú ni. Bó bá ti ń wú nínú kọnkéré, kò ní ibi tó máa gbà, yóò la kọnkéré náà láti inú wá síta ni. Ojú ò ní rí nǹkan kan lọ́dún àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gé ríbọ́n, tí àwọn oníròyìn ń ya fọ́tò, ère á máa dán yanran. Nígbà tó bá fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í là, agbaṣẹ́ṣe ti gbowó lọ, àwọn tó gbéṣẹ́ fún un náà ti kúrò nípò, a ò ní rẹ́ni bi.

Mi ò sọ àsọdùn. Ère onílù kan wà ní oríta kan lójú ọ̀nà wa níbí tí mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Sìmẹ́ǹtì ti bọ́ kúrò lára ọrùn ọwọ́ rẹ̀ tó fi mú ọ̀pá ìlù, rọ́ọ̀dù ti yọ síta. Mo fi èékánná tọ rọ́ọ̀dù náà wò, ó ń ṣí ní abala-abala títí ó fi ku bí abẹ́rẹ́ láàárín. Ọ̀dà funfun ni wọ́n ń kùn lé e lórí lọ́dọọdún kí àlejò pàtàkì tó wọ̀lú. Ṣé irú èyí la tún fẹ́ lọ tò létí òkun?

Ó tún kù. Nígbà tí wọ́n pe ìpàdé ìlú, àwòrán ni wọ́n gbé wá, wọn ò bi wá ní ohunkóhun. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri gbọ̀ngàn: obìnrin òyìnbó onírù ẹja tí irun rẹ̀ pọ́n yòò, ẹja dọ́fínì méjì tó ń fò sókè, àti kìnnìún kan. Kìnnìún létí òkun! Àwọn kan nínú rẹ̀ máa jẹ́ fáíbà tí wọ́n á kùn ní ọ̀dà wúrà, ìyókù sìmẹ́ǹtì. Ìyá arúgbó kan tó ń yan ẹja nídìí òkun láti ìgbà ọmọge rẹ̀ dìde, ó ní ta ni obìnrin yẹn. Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn.

Etí òkun tiwa ni ọ̀wọ́ kan ti ń fa okùn àwọ̀n lápá ọ̀tún, tí ọ̀wọ́ kejì ń fà á lápá òsì, tí ẹni kan ń dá orin fún wọn ní èdè Ògù. Etí òkun tiwa ni Zangbeto, eégún àwọn Ògù, ti ń jáde. Ìhà ọ̀dọ̀ wa níbí náà ni Gbèréfù wà, erékùṣù tí wọ́n ń mú àwọn èèyàn wa gbà kọjá lọ sínú ọkọ̀ tí kò dá wọn padà mọ́. Pẹ̀lú gbogbo èyí, ẹni tó ya àwòrán yẹn ò rí nǹkan kan yà ju kìnnìún lọ. Ní ìlú Salvador ní Bùràsíìlì, àwọn ère òrìṣà tiwa ni Tatti Moreno ṣe tí wọ́n gbé sójú adágún Dique do Tororó lọ́dún 1998, àwọn èèyàn ń ti òkèèrè wá wò wọ́n. Ibi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ ni wọ́n ti rántí, àwa tó kù sílé ni wọ́n fẹ́ fi obìnrin onírun pupa ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ fún.

Ibi tí wọ́n da ìpìlẹ̀ sí náà kò dáa. Ojú ọ̀nà àwọn afàwọ̀n ni. Ẹni tó bá ń fa àwọ̀n nílò iyanrìn gbalasa níwájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, wọn ò lè máa fa okùn yípo ẹsẹ̀ ère. Yàtọ̀ sí èyí, òkun ń dé ibẹ̀. Kò sí ará ìlú yìí tí kò mọ̀ pé láàárín oṣù kéje sí ìkẹsàn-án, tí òkun bá ru, omi máa ń wọ ìdí àwọn àgbọn. Ohun tí òkun lè ṣe kò fara sin fún ẹnikẹ́ni ní Èkó. Láti ìgbà tí àwọn òyìnbó amúnisìn ti fi òkúta ṣe apá wọnú òkun lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀ ojú omi Èkó, láàárín 1908 sí 1912, iyanrìn tí omi ń gbé láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn kò rọ́nà kọjá bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach. Lóṣù kẹjọ ọdún 2012, omi ya wọ Kúrámò, ẹ̀mí sọnù. Ẹ lọ wo Ayétòrò ní Ìlàjẹ, níbi tí ilé odindi ti wọnú omi. Ìhà ọ̀dọ̀ wa ò tíì rí irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló ní ká lọ gbé ère síwájú ìgbì. Ẹ bi àwọn apẹja àgbà, wọ́n á fi ọ̀pá fa ìlà ibi tí omi dé lọ́dún tó le jù hàn yín, ẹ wá sún gbogbo nǹkan sẹ́yìn ìlà náà, sáàárín àgbọn.

Ní Ouidah lọ́dọ̀ àwọn ará Benin, ojú ọ̀nà tí àwọn ẹrú gbà láti ìlú dé òkun ni wọ́n to àwọn ère tí Cyprien Tokoudagba ṣe sí, èèyàn á máa rìn, ère á máa pàdé rẹ̀, títí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà ńlá tí wọ́n kọ́ sétí òkun lọ́dún 1995. Ọgbọ́n nìyẹn. Wọ́n jẹ́ kí ère tẹ̀lé ẹsẹ̀ èèyàn. Àwa náà ní ojú ọ̀nà.

Mo mọ̀ pé wọ́n á ní àwọn òyìnbó ń gbé ère síwájú omi. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Crosby nítòsí Liverpool, Antony Gormley to ọkùnrin onírin 100 sí etí òkun, ìgbì ń bò wọ́n, ó ń ṣí wọn. Ṣùgbọ́n irin dídà tó ki látòkè délẹ̀ ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó kílò 650. Ìpẹtà á jẹ ara rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, inú rẹ̀ á ṣì kún. Kì í ṣe páànù tínrín tàbí rọ́ọ̀dù tí wọ́n fi sìmẹ́ǹtì oníyọ̀ bò.

Ohun tí mo rò pé ó yẹ ká ṣe rèé, mo sì fẹ́ kí ẹ bá mi gbé e síta dáadáa. Kí a tó yan ohun tí a máa fi ṣe ère kan ṣoṣo, ká fún òkun ní àyè kó yẹ̀ ẹ́ wò fún wa. Ká fi páìpù ṣe àgbékọ́ mẹ́ta tí a lè so nǹkan mọ́, ká ri ọ̀kan mọ́ itòsí omi, ọ̀kan sídìí àgbọn, ọ̀kan sẹ́bàá ọ̀nà ọkọ̀. Ká wá so àpẹẹrẹ gbogbo nǹkan tí ẹnikẹ́ni bá ní òun fẹ́ lò mọ́ ọn: irin lásán tí a kùn, irin tí wọ́n rì sínú síǹkì, idẹ, fáíbà tí a kùn ní ọ̀dà wúrà tí wọ́n fẹ́ràn yẹn, igi ìrókò, òkúta akọ láti Abẹ́òkúta. Ní ti stéénlẹ́ẹ̀sì, ká so oríṣi méjì, 304 àti 316, torí ọ̀pọ̀ agbaṣẹ́ṣe máa ń ra èyí àkọ́kọ́ tó rọjú, wọ́n á sì ní kò sí ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní molybdenum wà nínú 316, òun ló ń bá iyọ̀ jà. Kí gbogbo irin tí a bá so ní ojú ibi tí a ti jó o, torí ojú ibẹ̀ ni iyọ̀ kọ́kọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀. Kọnkéré náà, ká da méjì: ọ̀kan pẹ̀lú iyanrìn òkun bí wọ́n ṣe ń ṣe é yìí, ìkejì pẹ̀lú sháàpù sáǹdì tó mọ́ àti omi kànga tí kò níyọ̀, kí rọ́ọ̀dù inú rẹ̀ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 5 ó kéré tán sí ojú ìta.

Ká fi wọ́n sílẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò rọ̀ lé wọn, kí òkun ru sí wọn, kí ọyẹ́ fẹ́ wọn, títí ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn á fi dé. Kí a kọ orúkọ àti déètì sára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa máa lọ wò ó lóṣooṣù pẹ̀lú tíṣà wọn, kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí sínú ìwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí òbí ti lè kà á. Ní ọjọ́ ìkẹyìn, kí a fi òòlù fọ́ kọnkéré méjèèjì lójú ọba, lójú ìjòyè, lójú agbaṣẹ́ṣe, kí gbogbo wa wo rọ́ọ̀dù inú wọn. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ fi iyanrìn òkun mọ ère lọ́jọ́ náà, kó dìde sọ ọ́ lójú gbogbo ìlú.

Wọ́n á ní ó pẹ́ jù. Ṣé ti igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo kò pẹ́ ni? Àdùnní Olórìṣà, ìyẹn Susanne Wenger, ayàwòrán ará Austria, àti àwọn tó bá a ṣe àwọn ère ibẹ̀ lo ọ̀pọ̀ ọdún nídìí rẹ̀, bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí tó wà lára wọn kó tó di ẹni tí ayé mọ̀, Kasali Akangbe ń gbẹ́gi, Buraimoh Gbadamosi ń gbẹ́ òkúta. Ọmọ ibẹ̀ ni àwọn mẹ́ta yìí. Lọ́dún 2005, UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn ibi tí gbogbo ayé ní láti dáàbò bò. Kò sẹ́ni tó gbé kìnnìún fáíbà wá fún wọn láti ibòmíràn. Àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ wà níbí náà, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi, àwọn bíríkìlà, àwa wẹ́dà. Bí a bá ti mọ ohun tó ń dúró létí òkun, ká pe àwọn ayàwòrán kí wọ́n wá kọ́ wa.

Kí wọ́n má ṣe fẹ́ǹsì, kí wọ́n má sì gbowó ẹnu ọ̀nà lọ́wọ́ ọmọ ìlú tó fẹ́ lọ wo òkun rẹ̀. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀, kí omi wà nínú rẹ̀. Kí wọ́n gba ẹni kan tí yóò máa gba owó oṣù láti máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ àwọn ère náà.

Ní báyìí ná, kí wọ́n fọ́ ìpìlẹ̀ tí wọ́n dà yẹn kí wọ́n tó gbé ohunkóhun lé e lórí. Ní ti àgbékọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, páìpù stéénlẹ́ẹ̀sì tó máa tó o ṣẹ́ kù ní ṣọ́ọ̀bù mi, èmi ni màá jó o, mi ò sì ní gba kọ́bọ̀. Kí ẹnjiníà wọn mú ìwọ̀n wá bá mi.

Èmi ni,
Wẹ́dà kan, agbègbè Àgbádárìgì, Ìpínlẹ̀ Èkó.