Èrè Wà Nínú Ìwé, Owó Ò Sí Nínú Dúrọ́ọ̀

Àdùkẹ́ mi,

O ní ọjà ń tà, àmọ́ bí ọjọ́ owó ọlọ́jà bá pé, o kì í rí owó san. Kò sẹ́ni tó ń jí ọ lówó. Aṣọ ẹbí tí ò ń gbé fúnni láwìn ló fà á.

Wò ó báyìí. Ká ní o gba ìdì àńkárá 40 ní ọjà Gbági n'Íbàdàn, ìdì kan ₦9,000: ₦360,000 nìyẹn. O tà á ní ₦11,000, ó di ₦440,000. Èrè rẹ ₦80,000, nínú ìwé. Ẹni tó kó ọjà fún ọ ní kí o san lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń ṣe ìnáwó ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí òun tó kó owó jọ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó wà láàárín, ta ló ń gbọ́ bùkátà rẹ̀? Ìwọ ni. Bí èèyàn mẹ́wàá péré ò bá san, ₦110,000 ti lọ: gbogbo èrè bá a lọ, ₦30,000 ojú owó sì tẹ̀ lé e. Ẹni tó ti fi aṣọ jó tán kì í yá lára láti sanwó rẹ̀ mọ́.

Àsansílẹ̀ ò gbọdọ̀ kéré sí iye tí o rà á. Bí o bá ní kí wọ́n san ìdajì, ₦5,500 ni. ₦3,500 tìrẹ ṣì wà lára aṣọ tó ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Gba ₦9,000 kí o tó gbé e lé wọn lọ́wọ́. Inú á bí àwọn kan. Jẹ́ kó bí wọn.

Ra ìwé kan, fa ìlà sí i lọ́nà mẹ́ta: owó tó wà lọ́wọ́, owó tó wà níta àti ọjọ́ tí wọ́n dá, owó tí a jẹ àti ọjọ́ tí a máa san án. Bí ọjọ́ tí a máa san bá ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n máa san fún wa, má lọ sí Gbági lọ́sẹ̀ yẹn. Aṣọ tó bá ti lo oṣù mẹ́ta lórí pẹpẹ, tà á lójú owó. Owó oúnjẹ rẹ ńkọ́? Iye kan náà ni kí o máa yọ ní alẹ́ Sátidé, má máa mú un nínú dúrọ́ọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀dá ìnáwó á sì dé. Ní 2025, Ramadan bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 1 oṣù kẹta, Lẹ́ńtì lọ́jọ́ 5. Ìgbéyàwó dínkù lọ́tùn-ún lósì. Ṣọ́ọ̀bù á ṣì gbowó: owó ilé ₦20,000 lóṣù, ọmọ tó ń bá ọ tajà ₦35,000, iná ₦10,000, ọkọ̀ ₦15,000. ₦80,000 ni. Oṣù mẹ́ta rẹ̀, ₦240,000, ni kó wà nílẹ̀ láìfọwọ́kàn. Bí o bá ń dá ₦1,000 lójúmọ́ fún alájọ, tó ń yọ owó ọjọ́ kan tirẹ̀ lóṣù, bí oṣù mẹ́jọ ló máa gbà ọ́. Lọ́jọ́ tó bá kó o fún ọ ni kí o gbé e lọ sí báńkì, sínú àkáǹtì tí kò ní káàdì. Alájọ lè sá. Owó tó wà ní báńkì ńlá, NDIC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì, dúró fún un dé ₦5,000,000.

Ya fọ́tò ojú ìwé náà ránṣẹ́ sí mi ní Sátidé. Ẹni tó bá ti jẹ wá kọjá ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kọ nọ́ńbà rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀. Èmi ni màá pè é.

Ìyá rẹ